Bátìrì Tó Ti Yó

Bàbá Ọ̀ṣuntókun, ẹ ṣeun, mi ò ní jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí Emure láti Ìkéré kò ṣeé fi ìjókòó sọ. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi sé e mọ́ inú, òní ló gbọ́dọ̀ jáde, inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìyá Yéjídé, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó lé mi. Yéjídé, má wọlé, tìrẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Fọláyẹmí ni mí, ọ̀gá Bámgbóyè, ẹni tó ń bá mi wa kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó ń lo bátìrì. Bámgbóyè tí ẹ dá ẹrù ìdána rẹ̀ padà, tí ẹ ní ọmọ yín kò ní fẹ́ ọ̀mùtí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí títí di òní, bí mo bá ti ń sọ ọ́, ara mi kì í balẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń gun òkè, mọ́tò ló ń fi iná yí táyà. Ṣùgbọ́n bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, táyà ló ń yí mọ́tò, mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, iná á máa padà sínú bátìrì, ìyẹn náà ni yóò sì máa fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn bíi bíréèkì. Orí òkè ni oko àwọn àgbẹ̀ tí à ń bá kó ẹrù wà lọ́nà Ìṣẹ́! Kẹ̀kẹ́ á gòkè lófìfo, á gbé kòkó àti iṣu sọ̀ kalẹ̀, ẹrù fúnra rẹ̀ á máa ṣe iná fún wa! Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù tó ń darí iná náà, tí mo fọwọ́ ara mi jó pọ̀, kọ́kọ́ dá iná padà, mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò rò pé ejò ló ṣán mi.

Adéyínká tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì tó ti yó kì í jẹun mọ́. Tó bá kún tán tí kẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀, iná ò ní ríbi gbà, bọ́ọ̀dù á jó, bíréèkì á sì lọ. Ẹ fi rẹsítọ̀ ńlá sí i, kó máa sun iná tó bá ṣẹ́ kù.” Èmi olórí kunkun! Mo ní ṣé iná tí mo fi òógùn kó jọ ni n ó tún máa sun dànù? Mi ò fi sí i.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀ láti Adó wá wò ó, mo fi sólà orí òkè rọ iná kún bátìrì dẹ́nu. Mo tún dẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kí wọ́n lè rí i pé mọ́tò nìkan ló ń dá kẹ̀kẹ́ dúró. Bámgbóyè tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yìí mà dẹ̀ o. Iṣu ni mo rù, kì í ṣe òwú.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kí àlejò tó dé, sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ká wò ó. Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?” Ó ní òun fọkàn tán mi.

Kò tíì lọ jìnnà tí mo fi gbọ́ “pà!” Bọ́ọ̀dù ti jó. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀: “Kò mú o! Ẹ̀gbọ́n, kò mú!” Kẹ̀kẹ́ ya wọ inú oko kòkó, ó dojú dé.

Mo sáré débẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán. Ṣé ẹ rò pé òun ni mo kọ́kọ́ gbé? Bọ́ọ̀dù tó jó ni mo kọ́kọ́ yọ, mo tì í sápò pẹ̀lú ooru rẹ̀, ó bó mi nítan. Kékeré nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu kan wà láàárín ẹrù, tí àgbẹ̀ kan fi rán an sísàlẹ̀. Kò fọ́. Bàbá, èmi ni mo ṣí i. Mo dà á sí i láyà, mo fi pa á lẹ́nu, ọkùnrin tí kò fi ètè kan ẹmu rí! Nígbà tí àlejò dé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Èmi ìkà yìí wá mi orí, mo ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a wí.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ san, orúkọ rẹ̀ kò san. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ Ìṣẹ́ lé e, ẹ̀yin náà sì kọ̀ ọ́. Kò rántí nǹkan kan nípa ọjọ́ náà. Ó ń bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo mu ún lóòótọ́?” Mo sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rẹsítọ̀ Adéyínká sí i. Mo rọ iná kún bátìrì dẹ́nu, mo di iṣu, èmi fúnra mi ni mo wà á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn gan-an. Rẹsítọ̀ gbóná, bíréèkì mú gírígírí! Mo ń fò, mo ń kígbe, àfi bí ẹkún ṣe gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mo kọ̀ láti fi sí i, tí mo fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Àná, mo kúnlẹ̀ níwájú Bámgbóyè, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ńṣe ló fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́: “Mi ò mu ún! Mo mọ̀! Mi ò mu ún!” Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, “Mi ò tíì dárí jì yín o. Ẹ lọ sọ fún bàbá Yéjídé ná.”

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń yọjú lójú fèrèsé, bí iṣẹ́ ọwọ́ yín bá bàjẹ́, ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, mo ti ṣe tán. Ẹ ṣáà má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi jẹ ẹ́ níyà mọ́. Òun ló dúró lẹ́bàá kẹ̀kẹ́ níta yẹn, ó ní òun kò ní wọlé àfi tí ẹ bá pe òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Yéjídé, fara balẹ̀, jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ fọhùn… Yéjídé! Ha, Bàbá, ó ti jáde.