Mo Gbọ́ Nígbà Tí Baba Khoan Ń Kan Ògiri

Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí ọdún tuntun, nítorí náà kò sí ohun tí mo tún fẹ́ fi irọ́ bò mọ́lẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ kí Baba Khoan kú. Kì í ṣe Thoa. Gbogbo àdúgbò wa ní Da Nang ló gbà pé Thoa ni, ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ gan-an gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ èmi ni.

Ovidiu lorúkọ mi, ará Romania ni mí, ṣùgbọ́n Vi ni wọ́n ń pè mí níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà dá àwọn oníbàárà tí inú ń bí lóhùn, fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àga nílẹ̀ Jámánì. Owó oṣù náà kò lè gba ilé gidi fún mi nílùú mi. Níbí, ó gba yàrá tó kọjú sí òkun, ó bọ́ mi láàárọ̀ lálẹ́, ó sì tún ṣẹ́ kù. Oṣù díẹ̀ ni mo ní mo fẹ́ lò, ibẹ̀ ni irun mi funfun sí. Ilé Màmá Sen ni mo gbà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ti Baba Khoan, ọkọ rẹ̀, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀. Baba kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ nǹkan, kọ́ọ̀bù irin ló fi ń kan ògiri, Thoa á sì sáré wá. Thoa ni ìyàwó Quy, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Japan. Òun ló ń wẹ Baba, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, tí Bong, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, á sì dì mọ́ ọn láṣọ. Màmá Sen kò fẹ́ràn Thoa. Ó máa ń sọ níṣojú rẹ̀ pé ará òkè tí kò mọ nǹkan kan ni ọmọ òun lọ fẹ́. Èmi náà á bá a rẹ́rìn-ín, nítorí mo fẹ́ kí ìyá onílé fẹ́ràn mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Màmá Sen lọ sí Hoi An fún ìrántí òkú ìyá rẹ̀. Títí ó fi gun ọ̀kadà ló ń kìlọ̀ fún Thoa pé kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba. Nígbà tó di ọ̀sán, Thoa kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti gbé ìyá tirẹ̀ láti òkè wá sí ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Vi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́tí sí Baba. Mi ò ní pẹ́. Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́ o."

"Máa lọ," mo ní. "Ṣebí ibí náà ni mo wà."

Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ara mi nìkan ló wà ní Da Nang, etí mi wà ní Jámánì. Thoa gbé Bong síwájú ọ̀kadà, ó lọ. Èmi fi íápíìsì há etí, nítorí ọ̀gá wa fẹ́ ka orúkọ àwọn tí wọ́n máa lé lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ti ń ka orúkọ lọ nígbà tí Baba kan ògiri. Mo gbọ́. Ẹ má ṣe bá mi wá àwáwí, mo gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé omi ló fẹ́, pé á lè dúró díẹ̀. Ó tún kàn án, ó wá ń kàn án léraléra bí ẹni tí iná ń jó. Mo yí ohùn íápíìsì sókè. Nígbà tí ògiri dákẹ́, inú mi dùn pé ó dákẹ́. Wọn kò ka orúkọ mi. Mo ṣí bíà, mo ti mu ún dé ìdajì kí n tó rántí Baba.

Ó ti ṣubú láti orí bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ há sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣì ń mí. Ojú rẹ̀ là, èmi ló sì ń wò. Ká ní mo pariwo, ọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe lọ́ọ̀ọ́kán ì bá ti sáré wọlé. Mo tilẹ̀ ti la ẹnu. Ni mo bá rò ó pé físà àbẹ̀wò ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pé ọlọ́pàá á dé, wọ́n á béèrè ibi tí mo wà, wọ́n á dá mi padà síbi tí mo ti sá wá. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde. Mo rọra ti ilẹ̀kùn. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi íápíìsì há etí, mo sì kọ̀wé sí obìnrin kan tí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn wá púpọ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe Thoa.

Màmá Sen dé nírọ̀lẹ́. Thoa wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní òun fi Baba sọ́dọ̀ mi ni. Màmá yíjú sí mi.

"Vi, ọmọ mi, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

"Rárá, Mà. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó jáde."

Thoa kàn ń wo ẹnu mi, bí ẹni tó ń retí pé ọ̀rọ̀ kan ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n lé e, wọ́n gba Bong lọ́wọ́ rẹ̀, Quy sì sọ lórí fóònù láti Japan pé òun kò ní ìyàwó mọ́. Ìyá Thoa náà kú sí ọsibítù. Èmi wá di ọmọ Màmá Sen. Ó ń bu oúnjẹ fún mi, mo ń jẹ ẹ́. Ọdún gorí ọdún. Bong dàgbà lójú mi, ó sì máa ń pe ìyá rẹ̀ ní "obìnrin tó pa Bàbá àgbà". Mi ò dá a lẹ́kun rí.

Ẹ̀yìn ikú Màmá Sen ni àìsàn yìí dé. Mo wá Thoa kàn níbi tó ti ń ránṣọ ní Quang Ngai, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò dá máṣíìnì dúró títí ó fi rán ẹsẹ̀ aṣọ yẹn dópin.

"Ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ti kú," ó ní. "Ẹ lọ sọ fún Bong."

Mo pe Bong ní Saigon, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ṣé obìnrin yẹn ló ní kí ẹ pè mí?"

Èmi tí mo ti ń purọ́ látọjọ́ yìí, òótọ́ ni mo sọ. "Òun ni."

"Mo mọ̀. Ara yín ò yá, Bàbá Vi, ó sì ti rí yín lò. Ẹ lọ sinmi."

Láti ọjọ́ náà kò gbé ìpè mi mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà káàkiri ìlú tí owó ilé kò ti wọ́n, àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri yín, èèyàn ni wọ́n. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ Bong, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lò mí, kò sì sẹ́ni tó sanwó fún mi láti sọ ọ́.

Mo padà lọ jíṣẹ́ fún Thoa. Kò bú mi. Ó ní kí n sọ ohun tí Bong sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí n má yọ èébú ibẹ̀ kúrò. Mo sọ ọ́. Ó béèrè bóyá ohùn ọmọ náà tín-ín-rín ni, àbí ó ki. Mo ní ó ki díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ òun lòun kò ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un sọ.