Mo Kun Ìyá Alàgbà Mùráínà ní Pupa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti pẹ́ ju ìgbéyàwó mi lọ. Ìyàwó mi gan-an kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí mo fi ẹran pamọ́ sí tí kì í rí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan bi mí ní ìbéèrè, mo fi irọ́ dá wọn lóhùn, wọ́n sì gbàdúrà fún mi lórí irọ́ náà. Àdúrà yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọdún ẹgbàá kù díẹ̀ kó wọlé nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Ẹgbẹ́dá. Ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà ni, wọ́n sì ní kí n jókòó tì í nítorí pé mo kàwé díẹ̀. A kọ ọ́ sára pátákó níta pé a ń sọ fọ́tò dúdú-àti-funfun di kọ́lọ̀. Màmá kan bi mí bóyá òkú tí mo bá sọ di kọ́lọ̀ kò níí jí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, iná ìjọba kò níí jẹ́ kó ráyè jí.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi bí eré. Màá fi máòsì kun èèyàn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kun ògiri: ètè, ìka, gèlè. Tí mo bá tún tẹ ibì kan, gbogbo kọ́lọ̀ náà á pòórá, á ku àwọ̀ eérú.

Ọjọ́ kan ni àgbẹ̀ kan wá láti Erúnmu. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n ní Alàgbà Mùráínà, orúkọ wọn kọ́ nìyẹn. Fọ́tò ìyá wọn kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn. Orí ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi bí wọn ni màmá náà kú sí. Wọn ò mọ̀ ọ́n rárá.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni màmá ṣe rí?"

Wọ́n na ìka sí fọ́tò náà. "Pupa ni. Bàbá mi máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó kú. Pupa tó rẹwà."

Ẹ wo bí èdè wa ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́. Ìka wọn wà lórí ìró, ojú mi wà lórí imú. Aṣọ ni wọ́n ń sọ. Èmi gbọ́ èèyàn. Mo kun màmá náà ní pupa, mo fi àwọ̀ aró kun ìró rẹ̀, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ìyàwó wọn, Rámọ́tà, ló wá gba fọ́tò. Ó pọn Sìkírá, ọmọ wọn, wá. Bí mo ṣe fi màmá hàn án, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bùrọ̀dá, aṣọ ta lẹ wọ̀ fún wọn yìí? Àlàárì pupa ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé bàbá Sìkírá ò sọ fún yín ni?"

"Àṣé aṣọ ló pupa! Ẹ má bínú o, mo ti bá ìyá ọkọ yín bóra lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo sọ ìró náà di pupa. Mo wá fẹ́ kun ojú náà ní dúdú, torí Alàgbà Mùráínà dúdú bíi kóró iṣin, Rámọ́tà náà dúdú. Ni obìnrin yìí bá di ọwọ́ mi mú lórí máòsì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ fi ojú yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá."

Ó sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Sìkírá pupa bí ọmọ òyìnbó. Ó ní láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni àwọn ìyàwó ilé ti ń fi òun kọrin. Àwọn àbúrò ọkọ òun ní kí ọkọ òun lé òun lọ, pé ta ló pupa rí nínú ìdílé wọn? Ọkọ òun kò tíì sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò gbé ọmọ náà mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ máa ń wù mí í mọ̀. Àìsàn mi nìyẹn. Mo bi í pé, "Ṣé ọmọ wọn ni?"

Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀rọ yín yẹn ńkọ́, ṣé òun lè mọ̀?"

"Rárá."

"Èmi mọ̀. Ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n máa gbà gbọ́ jù mí lọ."

Mo fi ojú náà sílẹ̀ ní pupa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi í lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo gbọ́ pé màmá arúgbó kan nínú agbo ilé wò ó, wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Mo rántí báyìí. Ìyàwó yẹn pupa, ó pupa ju ẹyìn lọ!" Bí orin èébú ṣe dáwọ́ dúró nìyẹn. Alàgbà Mùráínà fúnra wọn gbé iṣu wá fún mi, Sìkírá wà léjìká wọn.

Ṣé arúgbó yẹn rántí lóòótọ́ ni, àbí fọ́tò mi ló kó sí wọn lórí? Mo ti rò ó títí. Mo mú fọ́tò ara mi, èmi dúdú yìí, tí mo yà nínú oòrùn, mo yọ kọ́lọ̀ rẹ̀ kúrò. Mo mọ́ bí ẹni pupa. Mo yọ ti ọ̀gá mi tó pupa, tó dúró lábẹ́ òrùlé. Ó dúdú jù mí lọ! Àwọ̀ eérú kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni mo kùn. Mi ò mọ̀, ó sì ń wù mí í mọ̀ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Alàgbà Mùráínà gbé fọ́tò náà wá bá mi nílé. Wọ́n ti darúgbó, Sìkírá ti wà nílé ọkọ. Wọ́n ní láràárọ̀ tí àwọn bá kírun tán, àwọn máa ń kí ìyá àwọn lára ògiri.

"Ẹnjiníà, aṣọ nìkan ni mo sọ fún yín nígbà náà lọ́hùn-ún. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ìyá mi pupa?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà ló rí i, bàbá."

"Ọlọ́hun á jẹ́ kí àwọn ọmọ yín máa rí yín, kí wọ́n máa mọ̀ yín." Wọ́n fọwọ́ pa fọ́tò náà lára. "Ó wá ku ohun kan. Wọ́n lejú díẹ̀ níbí. Kọ̀ǹpútà tó rí àwọ̀ wọn, ẹ ní kó bá mi wá ẹ̀rín wọn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, tí mo bá jẹ́wọ́, mo gba ìyá lọ́wọ́ arúgbó, mo sì tún gbé Rámọ́tà sẹ́nu àwọn ará ilé. Tí mo bá dákẹ́, èmi ni n ó yan bí ìyá ẹni tí mi ò mọ̀ rí ṣe máa rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Bàbá náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ti ṣí màmá náà sójú ẹ̀rọ, máòsì mi wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Ẹ dákun, ṣé kí n fọwọ́ kàn án?