Ìyá Ti-Ògiri àti Èjìká Ọ̀tún Mi

Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fara kan ilẹ̀kùn, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, èmi ni mo kùn ún láàárọ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún tí gbogbo yín ní kò dáa yìí náà ni mo fi kùn ún. Ẹ má wo òkè rẹ̀. Mo ní kẹ́ ẹ má wo òkè, mi ò rí àga gùn ni.

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ mi, torí bẹ́ ẹ bá kúrò níbí, mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi lẹ ń lọ, ohun tẹ́ ẹ bá sì sọ fún un ló máa fi pinnu bóyá kí n padà sórí àkàbà lọ́jọ́ Ajé, àbí kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì mi pátápátá. Ọmọ yẹn tí kì í nu ọ̀dà tó bá kán sílẹ̀.

Èwo tilẹ̀ ni ti obìnrin ilé ìwòsàn yẹn, Ìyá Ti-Ògiri? Ó ní eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká mi kì í rìn bó ṣe yẹ, ó ń yọ síta bí ìyẹ́ adìyẹ tó fẹ́ fò, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì ju kí n máa ti ògiri lọ. Ògiri, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo ń fi ògiri kíkùn jẹun. Mo tì í títí, kò kúrò lójú kan, òun á dúró sẹ́yìn mi, á ní, "Rọra, má gbé èjìká sétí," á wá mirí sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sìn mí lọ. Mo rí i nínú gíláàsì fèrèsé. Kí lẹ̀ ń mirí síra yín fún? Ta ló sì sọ fún ọ̀gá mi, kí n tó délé, pé èjìká mi ò tíì dáa?

Gbogbo ayé ló ti rí ẹ̀yìn mi tán, àfi èmi. Mo wá dúró ṣinṣin láàárín dígí méjì lánàá, mo wò ó: ọgbọọgba ni èjìká méjèèjì. Ẹ̀ẹ́n? Pé ìgbà tí mo bá ń sọ apá kalẹ̀ ló máa ń yọ? Ẹ ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí nìyẹn.

Ó dáa. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e fúnra yín. Mò ń gbé apá sókè, ṣé kò dáa? Mo wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o, díẹ̀díẹ̀...

Kí ló dé tẹ́ ẹ yára mọ́wọ́ kúrò? Ṣé ó gbá yín lọ́wọ́ ni? Rárá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe, mi ò tíì múra ni. Ẹ̀gbọ́n mi. Báàgì lẹ ń gbé yẹn? Ẹ tiẹ̀ bú mi kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ rọra pa ilẹ̀kùn dé. Òkè ni kẹ́ ẹ dì mú, ibẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ọwọ́ mi ò débẹ̀.