Eyín Tó Jẹ Òdòdó Orí Òkè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yìí kò yẹ lẹ́ni tó ń dúró níwájú èèyàn, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ báyìí. Ẹ pè mí pé kí n wá kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bí a ṣe ń ya fọ́tò òdòdó igbó láì pa á lára. Ọdọọdún ni mo ń kọ́ yín. Ẹ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má já a, ẹ má ti ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ sọ mí ní Bàbá Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Bí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà a rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ohun tí mò ń fi ẹ̀rín bò. Irọ́ yẹn ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ lónìí kí n tó tún rí àwáwí míì.

Ẹ wo àwòrán ńlá tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi yìí. Òdòdó elésè-àlùkò kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí ẹni pé kò sí koríko kankan lórí òkè yẹn. Gbogbo yín lẹ máa ń bi mí pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe rí ẹ̀yìn tó mọ́ tó báyìí?" Èmi a ní sùúrù ni. Sùúrù kọ́ o! Àlùmọ́gàjí ni. Èyí kékeré tí mo fi ń gé èékánná, inú àpò kámẹ́rà mi ló máa ń wà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni olùṣọ́ òkè náà nígbà yẹn. Àwọn tó pẹ́ nínú yín mọ̀ ọ́n. Ilé olùṣọ́ nísàlẹ̀ òkè ló ń gbé, òun àti ewúrẹ́ méjì tó máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Wọ́n na okùn yí ibi tí òdòdó wà ká, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ewé nìkan ni mò ń rí láti ẹ̀yìn okùn yìí. Ẹ jẹ́ kí n wọlé díẹ̀, ẹ kúkú mọ̀ mí." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ ni mo fi ń yangàn fún àwọn èèyàn. Ó dáa, wọlé, àmọ́ rọra gbẹ́sẹ̀ o, má sì fọwọ́ kan nǹkan kan." Ó gbé okùn sókè fún mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sójú. Òdòdó kan ti là, ó rẹwà débi pé ó dùn mí. Àmọ́ àwọn tí kò tíì là nàró gbọnrangandan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ba fọ́tò mi jẹ́. Mo fi ọwọ́ tì wọ́n, wọ́n padà. Mo gé ọ̀kan. Mo ní ọ̀kan ò lè ṣe nǹkan kan. Mo tún gé òmíràn. Ojúkòkòrò mi ọ̀hún! Kí n tó mọ̀, mo ti gé gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tán, àwọn tí ì bá là, tí ì bá so èso, tí ì bá hù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo ya fọ́tò mi, inú mi sì dùn ṣìnkìn.

Ìgbà tí mo dìde ni ojú mi wálẹ̀. Orí àwọn kùkùté náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé irin ló gé wọn. Mo ro orúkọ mi, mo ro ẹgbẹ́, mo ro ìpàtẹ àwòrán tó ń bọ̀. Mi ò ro ẹ̀gbọ́n mi rárá. Bí ọ̀kan nínú ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe ké nísàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo doríkodò, mo sì fi eyín ara mi rún orí àwọn kùkùté yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè jọ pé ẹran ló jẹ wọ́n. Èmi, àgbà tó wọ kóòtù, tó ń jẹ koríko! Oje rẹ̀ korò, ó lẹ̀ mọ́ mi létè. Mo kó èyí tí mo gé sápò, mo nu ẹnu, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bu omi fún mi. Ó ní, "Ṣé o rí i yà?" Mo ní mo rí i yà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, tó gbà á síṣẹ́ olùṣọ́, rí ìbàjẹ́ náà, ta ni wọ́n pè kó wá ya fọ́tò rẹ̀? Èmi náà ni. Alága, ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní, "Ó jọ eyín ẹran." Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Mo so ewúrẹ́ mi! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so wọ́n!" Ẹ bi í bóyá ẹnikẹ́ni wọ inú okùn. Ó ní, "Àbúrò mi nìkan ni, ẹ sì mọ irú èèyàn tó jẹ́." Gbogbo yín mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mi orí. Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gba ilé, ó sì ta ewúrẹ́ rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ẹnu mi ì bá ṣì wà ní dídì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni kò ti gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá ti ìlẹ̀kùn, á padà lọ wò ó. Bó bá pa iná ìdáná, á ní kí ọmọ rẹ̀ bá òun wò ó bóyá ó ti kú. Á ní, "Ó dá mi lójú pé mo so wọ́n, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Orí mi ò pé mọ́." Èmi tí mo mọ̀ a ní, "Ẹ má rò ó mọ́, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Láìpẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀ bímọ. Wọ́n gbé ìkókó fún un, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má gbé e fún mi. Èmi tí mo ní mo so ẹran!" Mo wà nínú yàrá náà. Ọmọ rẹ̀ yíjú sí mi, omi lójú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́."

Mo sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Kò pariwo. Ó bi mí pé, "Ṣé mo so wọ́n?" Mo ní, "Ẹ so wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi. Okùn ọrùn wọn ò tú." Ó tún bi mí, mo tún sọ ọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó gbé ìkókó wá, ó sì gbé e mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìwọ lo jẹ ẹ́. Lọ bì í níwájú àwọn tó lé mi."

Ìyẹn ni mo bá wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, bí nǹkan bá wà lẹ́yìn òdòdó, ẹ yà á mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ fojú àánú wò mí. Ẹ ṣáà jẹ́ ká jọ lọ sílé rẹ̀ báyìí, kí alága fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé ó so ẹran rẹ̀. Èmi á dúró níta.