Mọ́tò Tí A Fi Ojú Rà

Ìyá ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ká bùbá rẹ̀ sókè, ó ti di ọmú tí Tóyìn mu dàgbà mú, èpè sì ti dé etí ètè rẹ̀, kí Adédèjì, àkọ́bí rẹ̀, tó fò dìde lórí àga. “Màmá, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ẹ má ṣépè fún Dúrójayé. Òótọ́ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́, òní ni n ó pọ̀ ọ́. Ẹni tó pa Tóyìn wà nínú ilé yìí. Èmi ni.”

Nínú pálọ̀ ilé olóògbé Bámgbóyè, baba wọn, ní Ìsẹ̀, ni wọ́n wà. Dúrójayé, ọkọ Tóyìn, jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí àlejò tí a kò fún lómi. Ohun tó bá wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n dá Deborah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, padà fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá ọmọ náà ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti tó ẹni tí a ń mú lọ sí ilé-ìwé báyìí. Ìyá ti dá a lóhùn pé ẹni tó gbé aboyún tó ń rọbí sórí ọ̀kadà, ẹnì kan kì í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ tọ́. Dúrójayé ní òun kò rí ọ̀nà mìíràn. Gbólóhùn yẹn ló mú kí Ìyá kúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Adédèjì mọ ẹjọ́ tirẹ̀ lẹ́bi, àmọ́ kò kúnlẹ̀ rí. Ṣe ló jókòó sórí àga onítìmùtìmù láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́.

“Ibi píkọ́ọ̀pù Bàbá ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀,” ló wí. Kò sí ẹni tí kò mọ píkọ́ọ̀pù yẹn ní Ìsẹ̀. Imú rẹ̀ ti wọnú, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn apá òsì, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé dárúkọ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á gbéra. Ó ru iṣu láti oko, ó ru ẹrù ìkórè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé ìyàwó, ó gbé aláìsàn. Adédèjì kórìíra rẹ̀ bí ìgbẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fi í lọ tọrọ Ìbíwùmí ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn ìbátan ọmọge náà yọjú lójú fèrèsé, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè pé ṣé àwọn oníṣu ti dé ni. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe wá dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí gbogbo àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ ń ra mọ́tò tòkunbọ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ baba rẹ̀ létí. Kí Bàbá ta pálapàla yìí, kí ẹbí pawọ́ pọ̀, kí wọ́n ra mọ́tò gidi tí gbogbo wọn á jọ máa lò.

Bàbá bi í pé, “Ṣé á lè ru uṣu, mọ́tò ọ̀hún?”

“Bàbá, ayé ti là,” ni Adédèjì dáhùn. “Ẹ fẹ́ máa ru iṣu títí dọjọ́ alẹ́ ni?”

Bí wọ́n ṣe ta píkọ́ọ̀pù nìyẹn. Adédèjì ni wọ́n sì rán pé kó lọ yan mọ́tò wá, nítorí òun ló kàwé, Bàbá ní ojú ẹni tó kàwé ni ojú gbogbo ulé. Ojú wo? Ojú tí kò rí nǹkan kan. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fi ọkọ̀ gíga kan hàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Adédèjì kò tilẹ̀ dúró. Ó ní ó rí gbàgìdì bí àpótí aṣọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dá a dúró: pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, ara rẹ̀ rí roboto, iná iwájú rẹ̀ rí sẹ́ńsẹ́ bí ojú obìnrin tó lé tìróò, àga inú rẹ̀ funfun bíi wàrà. Kò ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò béèrè bó ṣe ga tó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ ọ̀nà oko baba rẹ̀. Ó kàn ń yí i ká ni, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, ó sì ń rí ojú àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́.

“Àwọn yẹn ni mo ra mọ́tò fún,” ló wí fún àwọn tó wà ní pálọ̀, inú ara rẹ̀ sì ń bí i débi pé ó ń fi ìkúùkù gbá itan. “Gbogbo yín dáwó, mo lọ fi ra ẹnu àwọn tí n kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Òmùgọ̀ ni mí. Bó bá jẹ́ òmùgọ̀ nìkan ni mo jẹ́, ìbá sàn.”

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín bí mọ́tò tuntun bá dé. Ọjọ́ Ìsinmi là ń gbé e lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, a ó so ríbọ́nì mọ́ ọn nímú, pásítọ̀ á yí i ká pẹ̀lú àdúrà, kí ẹbí tó wọ inú rẹ̀ tìjótayọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni Adédèjì àti Ìbíwùmí gbé mọ́tò náà dé Ìsẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Tóyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ lásán, kí wọ́n tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìkẹ́rẹ́. Dúrójayé sáré lọ sí gáréèjì, gbogbo ọkọ̀ ti kó èrò ọjà lọ. Ló bá mú ìyàwó rẹ̀ wá sílé baba ìyàwó, níbi tí mọ́tò ẹbí wà.

Ìbíwùmí fa ọkọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, “Dádì Iyìolúwa, ṣé ẹ̀jẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan mọ́tò tí a ò tíì gbàdúrà sí? Àga funfun yẹn ńkọ́? Lọ́la là ń gbé e jáde o.”

Bí Adédèjì ṣe dé ibí yìí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìbíwùmí tó wà ní igun pálọ̀ da ìborùn bojú. “Ẹ má wò ó,” ni Adédèjì wí. “Ẹnu lòun fi sọ ọ́. Èmi ni mo lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.”

Ó ṣí i lóòótọ́. Ó tẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó bàjẹ́, ó tú wáyà orí bátìrì, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan, ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò kò fọhùn. Adédèjì mi orí. Dúrójayé ti bọ́ṣọ, ó ní kí àwọn tì í, òun nìkan lè tì í dé orí òkè. Adédèjì dá a lóhùn pé otomátíìkì ni, wọn kì í tì í. Òótọ́ ni, wọn kì í tì í. Òótọ́ yẹn gan-an ló fi bo irọ́ rẹ̀. Kí ni ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń kú lọ yóò ṣe? Ó gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́yìn, ó gbá a mú. Wọn kò tíì dé Ìkẹ́rẹ́ tí ọmọ fi wáyé lábẹ́ ahéré kan létí títì. Ọmọ yè. Ìyá ọmọ kò rí ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

“Nígbà tí ìròyìn dé,” ni Adédèjì wí, “mo de wáyà orí bátìrì padà. Ìgbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbéra. Mo wa mọ́tò yẹn lọ wo òkú àbúrò mi. Mo ní mo ti rí ẹni bá mi tún un ṣe, gbogbo yín sì gbà. Bàbá gbà. Bàbá kú sórí pé ó gbà.”

Bí ẹni tó ṣe irú èyí bá tilẹ̀ dákẹ́, à bá ní ẹ̀rù ló bà á. Kò dákẹ́. Lẹ́bàá sàréè ló ti na ìka sí Dúrójayé lójú gbogbo ìjọ, ó ní, “Ọ̀kadà lo fi pa àbúrò mi.” Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé fa aṣọ ọkùnrin náà ya. Wọ́n gba ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Adédèjì gbé e lọ sílé tirẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń pe òun ní Dádì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ohun tí ẹ bá fi ojú nìkan yàn, ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò ní kí ẹ wá fi ènìyàn sanwó rẹ̀.

Ìyá ti fi bùbá bora. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Adédèjì. Tóyìn mọ̀ ọ́n?”

Ìbéèrè yìí gan-an ni Adédèjì ti ń sá fún. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ó wo Dúrójayé, kò lè sọ ọ́.

“Ó mọ̀, Màmá. Nígbà tí Dúrójayé lọ gbé ọ̀kadà wá, èmi àti òun nìkan la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó rí i pé àga ni mò ń wò. Ó tú ìró tó ró sókè, ó nà án sí mi. Ó ní, ‘Bọ̀dá mi, ẹ tẹ́ ẹ sí i. N kò ní ba àga yín jẹ́.’ Mo ní mọ́tò ò ṣiṣẹ́. Ó ní, ‘Ó dáa, ẹ ṣeun.’ Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ìyá kò sunkún. Ó yíjú sí ògiri. Adédèjì na gbalaja sílẹ̀ níwájú Dúrójayé, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀. “Dárí jì mí. Nítorí Ọlọ́run, dárí jì mí.”

Dúrójayé dìde.  “Bọ̀dá Dèjì, ẹ̀ ń bẹ̀ mí kí ara lè tù yín. Kò ní tù yín látọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá ń kọjá nínú ìlú yìí, àwọn obìnrin á fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Wọ́n gba kíláàsì aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní apànìyàn kan kì í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi fúnra mi ti gbà. Mo ti ń dá ara mi lẹ́bi pé bóyá ká ní mo rọra wa ọ̀kadà. Tí inú bá bí mi pa yín níbí lónìí, ta ni yóò dá mi lẹ́jọ́? Ẹ lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lójú ìjọ tí ẹ ti sọ tèmi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ mi.”

Deborah, tí wọ́n mú wá láti Ìkẹ́rẹ́, ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé. Ó rí Adédèjì lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó rò pé eré ni, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn rẹ̀ mú. “Dádì, ẹ dìde, ẹ gbé mi sáré.”

Adédèjì kò lè dìde. “Deborah, gbọ́. Èmi kọ́ ni dádì rẹ. Mo purọ́ fún ọ. Bọ̀dá tó dúró yẹn, òun ni dádì rẹ.”

Ọmọ náà wo Dúrójayé láti òkè délẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ nípa ọkùnrin náà lójú rẹ̀ láti kékeré ló jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń sọ.

“Ṣé ẹni tó pa mọ́mì mi nìyẹn?”

“Rárá,” ni Adédèjì wí láti ilẹ̀. “Èmi ni.”

Ó ṣe díẹ̀ kí ọwọ́ kéékèèké yẹn tó tú kúrò lọ́rùn rẹ̀.