Ìwé Ìpàdé Ẹbí Tí Kò Sí Orúkọ Mi

Mo pe àwọn ẹbí mi lẹ́jọ́ kí wọ́n má baà ta ilé bàbá mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo wá ẹni tó fẹ́ rà á. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti kà mí mọ́ wọn mọ́. Bí ìnáwó bá dé, wọn kì í ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá pàdé àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi lọ́nà ọjà Ouando, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé òpó iná ni wọ́n rí. Wọ́n ní kí n wá tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní tọrọ àforíjì kankan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí mo jẹ ní àforíjì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Alágbàtà ilé ni mí ní Àjàṣẹ́ níbí, ìlú tí kò jìnnà sí Kútọnu. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń wá yàrá á tẹ̀ lé mi láti àdúgbò kan sí èkejì, onílé á sì kọ́kọ́ bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́ kó tó bèèrè ohun tó lè san. Nǹkan ti yí padà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ń wá gbé lọ́dọ̀ wa nítorí pé owó ilé ti lé wọn kúrò lọ́hùn-ún. Àwọn ará Nàìjíríà náà ń wọlé wá. Gbogbo wọn ló fẹ́ ilé ìgbẹ́ nínú ilé, ilẹ̀ tó ń dán, àti ibi tí wọn yóò gbé mọ́tò sí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù ń ya àwòrán ilé kiri, kí oníbàárà tó pè mí, ó ti rí ilé márùn-ún lórí fóònù. Yàrá fífi háyà kò bọ́ mi mọ́. Àwọn agboolé ògiri amọ̀ tó wà láàárín ìlú, tí ẹnikẹ́ni kì í yà wò tẹ́lẹ̀, ni àwọn olówó wá ń wá báyìí láti wó, kí wọ́n sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Títa irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo yà sí, ibẹ̀ ni mo sì ti lórúkọ.

Ìjẹ́wọ́ mi rèé. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí amòfin tó ṣe ìwé títà rẹ̀, ẹbí gbọ́dọ̀ jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, kí oníkálùkù sì fọwọ́ sí i. Ìwé ìpàdé ẹbí là ń pè é. Mo ti rí i pé àwọn ọmọbìnrin ló máa ń dá ọjà dúró. Wọ́n á ní yàrá ìyá àwọn nìyí, wọ́n á ní abẹ́ ilẹ̀ yàrá tọ̀hún ni wọ́n sin bàbá àwọn sí, ẹkún á bẹ̀rẹ̀, oníbàárà á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bá ṣe àpẹẹrẹ ìwé kan tí mo ń fún àwọn ẹbí, tí ó jẹ́ pé orúkọ ọkùnrin nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ jẹ́ kó mọ sí àárín ọkùnrin. Àwọn obìnrin ti wà nílé ọkọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní obìnrin bí ọkùnrin ni mí. Inú mi sì máa ń dùn sí i!

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ráfíátù, tó ń gbé nílé ọkọ ní Akpro-Missérété, ìlú kékeré kan lẹ́yìn odi Àjàṣẹ́, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wá kí àwọn ará ilé rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wó ilé ló bá nínú agboolé bàbá rẹ̀.

"Ìwọ lo ta ilé wa?"

"Àwọn ẹ̀gbọ́n yín ló tà á, màmá. Èmi kàn mú oníbàárà wá ni."

"Wọ́n ní ìwọ lo ní kí wọ́n má pè mí."

"Ẹ lọ bi wọ́n."

Ó wò mí títí. "Ṣé ìwọ náà ní bàbá?"

Mo ní mo ní bàbá, ṣùgbọ́n ó ti kú. Mo sì padà sídìí fóònù mi. Ẹ ò rí ìwà òǹrorò?

Kò pẹ́ sí i tí bàbá mi kékeré, àbúrò bàbá mi, fi kó àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì wá bá mi. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ dé. A fẹ́ ta ilé wa. Ó ti gbó, ìwọ lo sì mọ àwọn ará Kútọnu." Mo bèèrè Ìyá Ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ti ń gbé inú ilé náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní wọn yóò gba yàrá fún un ní Akpro-Missérété. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. N kò sọ ọ́. Owó ọjà náà ti wọ̀ mí lójú, mo sì rò pé ọmọ ni mí, kò sí bí wọn yóò ṣe yọ mí sílẹ̀. Mo mú ọkùnrin kan wá láti Kútọnu. Bó ti ń wọn ilẹ̀ kiri, Ìyá Ilé gbé omi tútù fún un, ó sì rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Àlejò rẹ mọ ìwà hù o. Ṣé ọkọ ni?"

"Àlejò iṣẹ́ ni, Ìyá." N kò lè wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìfọwọ́síwèé, a pé jọ sí ọ́fíìsì amòfin. Akọ̀wé rẹ̀ na ìwé ìpàdé ẹbí sí mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Gbólóhùn inú rẹ̀ tèmi ni, láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ tí bàbá mi fi sílẹ̀ jẹ́ méjì: àbúrò mi kìíní àti àbúrò mi kejì.

"Bàbá kékeré, orúkọ mi ò sí níbí."

"Ó wà nísàlẹ̀. Wò ó dáadáa."

Mo wò ó. "Alágbàtà ni wọ́n pè mí."

Àbúrò mi kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, abọ́ mélòó lẹ fẹ́ fi jẹun? Ẹ gba ti alágbàtà, kí ẹ tún gba ti ọmọ?"

"Ìwọ lo kọ́ wa," ni bàbá kékeré wí. "Ṣebí ìwọ lo ní obìnrin ti wà nílé ọkọ?"

"Ilé ọkọ wo ni mo wà?"

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan oníbàárà. Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé n kò rí irọ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ bàbá kékeré. Ohun tí mo ṣe fún àwọn Ráfíátù ni wọ́n ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé mo ti ṣe ibi ni kí n wá jókòó kí n máa wò ó? Rárá o! Mo gbé ìwé náà síwájú amòfin. Mo ní irọ́ ni, pé ọmọ mẹ́ta ni bàbá mi bí, pé èmi ni àkọ́bí, àti pé bó bá lù ú ní òǹtẹ̀, èmi tí mo máa ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni n ó lọ ṣàlàyé fún adájọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Oníbàárà pa àpò rẹ̀ dé. Bàbá kékeré ní n kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n òun mọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ ra ọ̀dà pupa ní Ouando. Mo kọ LITIGE sára ògiri ilé wa, bí wọ́n ti ń kọ ọ́ níbí sára ilé tó bá wà lẹ́jọ́. Ìyá Ilé fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde, ó bi mí pé kí ni mò ń fi ògiri bàbá mi ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti pé ọkùnrin tó fún lómi ló fẹ́ wó yàrá rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri náà.

"Kọ ọ́ kó tóbi," ló wí. "Àwọn àbúrò rẹ kì í ríran dáadáa."

Mo wá Ráfíátù lọ sí Akpro-Missérété, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Ilé bàbá mi ti di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí ni kí n fi ìkúnlẹ̀ rẹ ṣe?" Òótọ́ ló sọ. Mo ní bó bá pẹjọ́, n ó wá jẹ́rìí ta ko ara mi. Kò tíì dá mi lóhùn.

Àwọn alágbàtà ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ti bàjẹ́ kó tó di pé mo lanu. Èmi kò wá ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ lọ bèèrè ìwé tí wọ́n ń kọ nílé bàbá yín lónìí, ẹ má dúró kí ẹ̀rọ dé. Ẹni tó bá sì fẹ́ pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ lè máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ta ilé ẹbí mọ́, yàrá ni mo ń fi háyà báyìí.

Adájọ́ ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta ilé náà títí wọn yóò fi kọ ìwé ìpàdé ẹbí mìíràn. Bàbá kékeré ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn kò tíì dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.