Èmi Ni Mo Ṣi Ìṣirò Róńdábáòtù Náà, Kì í Ṣe Délé

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Láti ayé SAP, nígbà tí ìjọba ní ká fún bẹ́líìtì mọ́ra, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n pè mí síbi ọjọ́ ìbí kan, wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, mo sì máa ń fi í yangàn. Èmi àti ọkùnrin kan la jọ ń lo yàrá kan. Délé ni màá pè é. Ọmọ Èkìtì ni, òun náà kàwé bíi tèmi. A jọ máa ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì Agége lọ́sàn-án, a ó sì máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Wọ́n ní ká ṣètò róńdábáòtù kan lójú ọ̀nà Agége, níbi tí ọkọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ti máa ń há. Délé ló lọ ka àwọn ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀. Èmi ni mo fi iye tó kà ṣe ìṣirò bí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe máa fẹ̀ tó. Ìlú òyìnbó ni ìlànà tí mo tẹ̀ lé ti wá. Ó gbà pé ẹni tó ń bọ̀ á dúró de ẹni tó ti ń yí po nínú róńdábáòtù.

Délé wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé Ìkẹjà yìí náà lò ń sọ? Ta ló máa dúró de ta? Gbogbo wọn ló máa ti imú ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, fi ìyẹn sínú ìṣirò ẹ."

Inú bí mi. Mo ní a kì í fi ìwàkiwà ṣe ìṣirò. Nígbà tó jáde, mo tún un yẹ̀ wò, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá dúró, gbogbo rẹ̀ á dì pa. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbéraga ni, mi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn. Mo gbé e fún ọ̀gá bó ṣe wà.

Wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ṣíwọ́ lọ́jọ́ kan, ẹni tó fẹ́ wọlé dínà mọ́ ẹni tó fẹ́ jáde, ẹlòmíràn sì dínà mọ́ òun náà. Tírélà ò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ọ̀gá ṣọ́jà kan há sí àárín wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà wá.

Ọ̀gá wa pè mí wọlé, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ìṣirò tèmi pé, sà. Bóyá ọkọ̀ tí Délé kà ni kò pé."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Wọ́n ti ń dín òṣìṣẹ́ kù nígbà yẹn, wọ́n kàn ń wá ẹni tí wọ́n máa lé ni. Wọ́n lé Délé. Bó ṣe ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, mo bú sẹ́kún. Òun ló tún ń tù mí nínú. "Má sunkún mọ́, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

Ó padà sí Èkìtì, ó lọ ń ṣe tíṣà. Èmi nìkan ni mò ń jẹ búrẹ́dì mi lọ́sàn-án. Láti ìgbà náà, mi ò ní ọ̀rẹ́. Bí ẹnìkan bá ti ń sún mọ́ mi, ẹ̀rù á máa bà mí pé màá jẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ kan, màá sì fà sẹ́yìn. Ní báyìí tí ọkọ mi ti lọ, rédíò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé mi.

Láìpẹ́ yìí ni Délé pè mí lórí fóònù. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún un. Ó ní, "Mi ò pe àwọn ará ọ́fíìsì yòókù. Ìwọ nìkan lo sunkún fún mi. Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi, wọ́n fẹ́ rí ẹ."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pè é kó tó di ọjọ́ náà? Ṣé kí n sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀? Àbí kí n ní ara mi ò yá? Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ́wọ́, ó lè má pè mí mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dìde níbẹ̀ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ẹkún yẹn.